Bí Ẹni Tó Ń Rọra Sáré Ṣe Lè Ti Àkúrẹ́ Lọ Sá Eré Ńlá Ìlú Èkó

Àwọn tó ń gba ipò kìíní nínú máratọ́ọ̀nù máa ń sá kìlómítà 42.195 ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti parí, wọ́n ti wẹ̀, àwọn oníròyìn ti ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Àwa tí kìlómítà kan ń gbà ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ojú ọ̀nà la ṣì máa wà nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ tábìlì omi mọ́. Ìdí nìyí tí ìmúra ẹni tó ń rọra sáré fi gbọ́dọ̀ ju ti ẹni tó yára lọ: òun ló máa pẹ́ jù nínú oòrùn. Ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ níbí, láti orí bàtà dórí omi, ibẹ̀ ló ti wá.

Lagos City Marathon ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a, oṣù Kejì ló sì sábà máa ń bọ́ sí, lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ lè yan odindi máratọ́ọ̀nù, ìyẹn kìlómítà 42, tàbí eré kìlómítà 10.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò wákàtí yín

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ wọn ara yín ná. Ojú eré pápá ìṣeré tó péye jẹ́ mítà 400 yípo, nítorí náà ìyípo méjì àtààbọ̀ ni kìlómítà kan. Bí kò bá sí pápá nítòsí, fóònù yín lè wọn ọ̀nà. Ẹ sá kìlómítà mẹ́ta bí ẹ ṣe máa ń sá a, kì í ṣe bí ẹni tí ajá ń lé, kí ẹ wá pín ìṣẹ́jú tó gbà yín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Bí kìlómítà kan bá gbà yín ní ìṣẹ́jú 8, kìlómítà 10 máa gbà tó wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 10, ó di wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ wá gbé ìṣẹ́jú 10 yẹn lọ sórí odindi máratọ́ọ̀nù, ó ti lé ní wákàtí méje nìyẹn, ẹsẹ̀ kò sì ní dáhùn ní kìlómítà 35 bó ṣe dáhùn ní kìlómítà karùn-ún. Eré inú ìlú ńlá máa ń ní àkókò tí wọ́n á ṣí títì padà fún ọkọ̀. Ẹ wá àkókò náà nínú ìlànà eré ọdún tí ẹ fẹ́ sá, kí ẹ fi wé ìṣirò yín.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kíní yín nìyí, kìlómítà 10 ni kí ẹ sá. Àwọn kan á ní ẹni tó dé Èkó tí kò sá 42 kò lọ síbì kankan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹni tí kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kìlómítà 25 sí 30 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí, kí ló fẹ́ lọ wá nídìí máratọ́ọ̀nù?

Ẹ rí dókítà

Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ fée (asthma), ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹni tí àyà máa ń dùn tó bá gun òkè: ẹ rí dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ibà bá sì ń ṣe lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sáré rárá, ì báà jẹ́ ọjọ́ eré gan-an.

Bàtà

Kò sóhun tó burú nínú òkìríkà, ṣùgbọ́n ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù abẹ́ rẹ̀. Bó bá le gbagidi, tàbí tó ti hunjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti kú nìyẹn. Ẹ ká àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà, kí ẹ wò ó bóyá gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń ṣí. Aránbàtà lè rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo fún yín, kò lè jí fóòmù tó ti kú dìde. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò sì ṣẹ́kù níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Láàárọ̀ eré, bàtà tí ẹ ti fi sáré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kí ẹ wọ̀. Bàtà tuntun wà fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Oṣù mẹ́ta ìgbáradì

Fún eré oṣù Kejì, láti oṣù Kọkànlá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 12. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ẹ sá ìṣẹ́jú kan, ẹ rin ìṣẹ́jú méjì, títí ọgbọ̀n á fi pé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sá kan, ẹ rin kan. Nígbà tí ara bá ti gbà á, ẹ sá mẹ́ta, ẹ rin kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìrìn yẹn bú yín. Jeff Galloway, ará Amẹ́ríkà tó sá mítà 10,000 ní Òlíńpíìkì Munich lọ́dún 1972, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí ó tó rẹ̀ yín lẹ ti máa rìn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó rẹ̀ ẹ́ kí ó tó rìn, ìrìn yẹn kò ní dá agbára kankan padà fún un mọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé eré yín kò pọ̀ jù? Ẹ máa ki oríkì ìdílé yín bí ẹ ṣe ń sá. Bí ẹ bá lè ki ìlà méjì tàbí mẹ́ta láìmí gúlegúle, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bó bá ń já mọ́ yín lẹ́nu lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kẹta, ẹ dín in kù.

Ọjọ́ kan nínú mẹ́ta yẹn, Sátidé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ni ẹ máa lọ jìnnà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà mẹ́rin, ẹ máa fi bíi ìdajì kìlómítà sí kan kún un lọ́sẹ̀, títí ẹ ó fi dé kìlómítà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kò nílò láti sá 10 nílé kí ẹ tó lè sá a l'Ékòó.

Ní ti ibi tí ẹ ti máa sá a, Alágbàká ni mo fẹ́ràn jù lọ́jọ́ ìsinmi, nítorí títì ọ́fíìsì ìjọba máa ń dá láàárọ̀ Sátidé àti Sunday. Ọgbà FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, dára fún ẹni tó ń gbé lápá ibẹ̀. Ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú ní Ọba-Ilé gùn, ẹ lè sá a lọ kí ẹ sá a bọ̀ láìyí pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ ń sáré ju yín lọ. Títì Adésidà lápá Ọjà Ọba, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, ẹ gbàgbé ẹ̀. Apá òsì títì ni kí ẹ máa sá sí, kí ẹ lè kojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, ẹ má sì fi nǹkan dí etí. Lóṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ ní Àkúrẹ́ kó tó di bí aago méje kù díẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá jáde ní aago márùn-ún, òkùnkùn ló ń sáré sí.

Ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ o. "Bọ̀dá, ta ló ń lé yín?" Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lè dá yín dúró pé ṣé kò sí nǹkan nílé. Ẹ kí wọn, ẹ máa lọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n á ti máa bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò jáde lánàá.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ló yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ gan-an ni ìgbáradì yìí bọ́ sí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń gbẹ òógùn lára kíá, ẹ kò ní mọ̀ pé omi ń jáde lára yín. Ẹ wá dé Èkó létí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti rin, òógùn kò gbẹ, ara kò sì tutù. Eré tó rọrùn ní Alágbàká láàárọ̀ ọyẹ́ máa di iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ mú ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ tí ẹ máa jáde ní aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, nígbà tí oòrùn ti là. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó, jẹ́ẹ́jẹ́, kí omi wà lọ́wọ́. Bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ló máa ń gba ara kí ooru tó mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ tí eruku bá bo ojú ọ̀run, kí ẹni tó ní ikọ́ fée jókòó sílé.

Àwọn kan á fẹ́ lọ gun òkè Ìdànrè láti fi mú ẹsẹ̀ le. Ó dáa, àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ ló ń ba itan jẹ́ ju gígùn lọ. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi Ìdànrè sílẹ̀ fún àwọn tó wá ya fọ́tò.

Òrí, fìlà àti owó wẹ́wẹ́

Ohun tí ẹni tó yára kò ní mọ̀ ni bí itan ṣe ń bó. Ìfarakanra wákàtí kan lè má ṣe nǹkan, ti wákàtí méjì á jẹ́ kí ẹ máa ké nígbà tí omi ìwẹ̀ bá kàn yín. Ẹ fi òrí pa itan nínú, abẹ́ apá, àti ibi tí bẹ́líìtì tàbí kọ́múù ti ń fọwọ́ kan ara. Kí àwọn ọkùnrin lẹ pílásítà mọ́ orí ọmú, ẹ̀jẹ̀ lè yọ níbẹ̀. Aṣọ òwú máa ń fa òógùn mu, á wúwo, nítorí náà jẹ́sì bọ́ọ̀lù sàn jù. T-shirt tí wọ́n bá fún yín pẹ̀lú nọ́ńbà eré tí ẹ máa lẹ̀ máyà, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sílé, ẹ má fi sáré. Ẹ dé fìlà tó níwájú. Nínú àpò: tíṣù, owó wẹ́wẹ́, ìwé kékeré tó ní nọ́ńbà fóònù ẹbí yín.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn àti ìrìnnà

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sá ìdajì ohun tí ẹ máa ń sá. Ẹ má tọ́ oúnjẹ tuntun wò, ẹ má mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ kò fẹ́ kí inú yín máa sáré lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ń sáré.

Láti Àkúrẹ́ gba Oǹdó àti Òrè dé Èkó jẹ́ bíi kìlómítà 300, ó sì lè gba gbogbo ọjọ́ bí ọ̀nà bá dí. Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ ti kúrò nílé, ní òwúrọ̀. Ẹni tó bá dúró di Fráìdè, kó tó dé, ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní nọ́ńbà lè ti palẹ̀ mọ́. Nítorí pé wọ́n máa ń ti títì, ibi tí kò jìnnà sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ sùn. Ẹ bi wọ́n dáadáa ibi tí ti kìlómítà 10 ti ń bẹ̀rẹ̀, ó lè má jẹ́ ibi kan náà pẹ̀lú ti 42.

Ọ̀sán Fráìdè ni kí ẹ jẹun yó: iyán, ìrẹsì, ohun tí ara yín mọ̀. Ti alẹ́ kò gbọdọ̀ pọ̀, kí ata rẹ̀ má ta, ẹ jìnnà sí ẹ̀wà.

Ọjọ́ eré

Ẹ jẹun nígbà tó bá ku bíi wákàtí méjì àtààbọ̀: búrẹ́dì àti tíì, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ tètè tò síbi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìlà rẹ̀ máa ń gùn. Ẹ má lo oògùn ara ríro ṣáájú eré. Ibuprofen àti irú rẹ̀ pẹ̀lú òùngbẹ lè pa kíndìnrín lára.

Ẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ dúró sí. Níbi eré tí wọ́n bá ti lo ẹ̀rọ ìṣírò kékeré tó máa ń wà lára nọ́ńbà tàbí bàtà, àkókò tiyín kò ní bẹ̀rẹ̀ títí ẹ ó fi kọjá ìlà. Nígbà tí gbogbo èrò bá bú sáré, ẹsẹ̀ yín á fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ẹ kọ̀ fún un. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa sá, kí ẹ máa rìn, bí ẹ ṣe ṣe é nílé. Láti kìlómítà kẹfà lọ, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó sáré kọjá yín pàdé, wọ́n á dúró, wọ́n á di ìbàdí mú.

Ẹ gbé omi tiyín dání, nítorí tábìlì tó kẹ́yìn lè ti gbẹ kí ẹ tó débẹ̀. Fún ẹni tó máa lò ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ, omi lásán kò tó. Ẹ po ọ̀rá omi 50cl méjì, ìyẹn lítà kan, pẹ̀lú ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí kò ga àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Ẹ má mu omi ní àmujù nítorí ẹ̀rù oòrùn, omi tó pọ̀ jù máa ń fọ iyọ̀ ara, ó sì lè dá èèyàn dùbúlẹ̀. Ọ̀rá omi tó wà nílẹ̀ máa ń yọ̀ o, ẹ wo ẹsẹ̀ yín.

Àwọn olórí kunkun tó yan 42, Third Mainland Bridge ń dúró dè yín. Afárá tí wọ́n ṣí ní 1990 yìí gùn tó kìlómítà 11 àti díẹ̀, kò sí igi kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹ rọ omi sórí kí ẹ tó gùn ún.

Bí orí bá ń fò yín, tí òtútù ń mú yín nínú oòrùn, tí òógùn dáwọ́ dúró, tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pe àwọn onílera.

Lẹ́yìn ìlà òpin

Ẹ má jókòó kíá. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pààrọ̀ aṣọ, ẹ jẹ nǹkan tó níyọ̀. Ẹ sùn l'Ékòó mọ́jú Sunday, ẹ má wa mọ́tò padà lọ́jọ́ yẹn. Nínú ọkọ̀, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ na ẹsẹ̀ bí awakọ̀ bá dúró ní Òrè. Itan á máa ro yín fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, pàápàá tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi eré sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bó bá jẹ́ 42. Bí èékánná ẹsẹ̀ bá dúdú, ẹ má fà á tu, bí tuntun bá ti ń hù lábẹ́ rẹ̀ yóò já fúnra rẹ̀.