Omi gbígbóná ṣáájú òróró: bí mo ṣe ń tọ́jú SKS mi

Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìbọn mi jẹ́. SKS ni, ìbọn ológun àtijọ́ tó ń gbé ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní Yugoslavia tí wọ́n ń pè ní M59/66, ilé mi níhìn-ín ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ló sì wà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo yin nǹkan bí ọgọ́ta ọta àtijọ́ tí àwọn ológun Yugoslavia kó sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo fi àkísà nù ún, mo fi òróró pa á lára, mo gbé e pamọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí mo tú u, inú páìpù gáàsì, ibi tí gáàsì ọta tó jó ń wọ̀, ti pọ́n rúsúrúsú bí ilẹ̀ Ìgbẹ̀tì. Òróró mi ṣì wà lára rẹ̀. Abẹ́ òróró náà ló ti dógùn-ún.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú idẹ tín-ń-tín tó wà ní ìdí ọta, èyí tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gún, wọ́n máa ń fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní potassium chlorate sí i nínú ọ̀pọ̀ ọta àtijọ́. Bó bá ti jó tán, ó di potassium chloride, ọmọ ìyá iyọ̀ ọbẹ̀. Iyọ̀ yìí a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ Houston sì kún fún ọ̀rinrin bíi ti Èkó. Òróró kì í yọ́ iyọ̀. Omi ló ń yọ́ ọ.

Bàbá mi tó ṣọdẹ ní Ìgbẹ̀tì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti fi ṣakabùlà rẹ̀ dé láti inú igbó, omi gbígbóná ló kọ́kọ́ ń béèrè, kí ó tó jẹun. Á da omi náà sí ẹnu ìbọn, omi dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ á máa tú jáde ní ihò ibi tí ẹ̀tù ti ń gbaná, á máa dà á títí tí omi á fi mọ́. Ìgbà tó bá gbẹ tán ló tó ń fi òrí pa á. Mo wo èyí láìmọye ìgbà, mi ò sì béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti yin irú ọta àtijọ́ oníyọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fọ ìbọn yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kọ́kọ́ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ kó gbogbo ọta inú rẹ̀ jáde, ẹ fa bólùtù, irin tó ń lọ síwá-sẹ́yìn láti ti ọta sẹ́nu, sẹ́yìn, kí ẹ wo inú rẹ̀, kí ẹ sì tún ki ìka síbẹ̀. Ojú nìkan kò tó.

Lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ìbọn, ọwọ́ irin kékeré kan wà; ẹ gbé e sókè, ẹ fà á síta. Ọmọrí, sípíríǹgì àti bólùtù á jáde tẹ̀ léra. Ọwọ́ irin kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a fi ń wo ibi tí a fojú sùn, ló di páìpù gáàsì mú. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Bí páìpù bá ti tú, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má yí i kọjá, torí sípíríǹgì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lè ta irin sí yín lójú.

Ẹ yọ irin kúrò lára igi kí omi má baà wọ igi. Mo máa ń fi àrọ da omi kẹ́tùlù láti ìdí ọ̀pá ìbọn, kó gba inú rẹ̀ lọ jáde lẹ́nu. Páìpù, piston (irin tí gáàsì ń tì sẹ́yìn) àti bólùtù ń lọ sínú abọ́ omi gbígbóná. Omi tó gbóná dáadáa ló dára jù, torí irin tó gbóná máa ń tètè gbẹ. Nínú ọ̀pá ọ̀pọ̀ SKS Rọ́ṣíà, kíróòmù tí kì í jẹ́ kó tètè dógùn-ún wà. Kò sí nínú ti Yugoslavia, ẹ má ṣe ṣe ìmẹ́lẹ́ sí i. Ó tún ní ohun ìdégáàsì kan lápá iwájú, tí wọ́n fi ń pa gáàsì dé bí wọ́n bá fẹ́ fi ìbọn náà ju bọ́ǹbù. Iyọ̀ máa ń sápamọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá sì gbàgbé ohun ìdégáàsì náà ní pípadé, ìbọn kò ní gbé ọta tuntun sẹ́nu fúnra rẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti bàjẹ́.

Bó bá gbẹ, ẹ wá lo oògùn ìfọbọn àti búrọ́ọ̀ṣì bó ṣe yẹ, kí ẹ fi òróró tín-ín-rín tẹ̀ lé e.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ sí jù lọ ni abẹ́rẹ́. Nínú SKS púpọ̀, kò sí sípíríǹgì tó ń dá a padà. Ẹ mú bólùtù sétí, kí ẹ gbọ̀n ọ́n: ó gbọ́dọ̀ máa dún kọ̀ kọ̀ kọ̀. Bí kò bá dún, ọ̀rá tàbí èérí ti dì í mú. Bó bá há síwájú, bólùtù tó ń padà bọ̀ lè gún ọta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ibi ìfà, ìbọn á sì máa yìn láìdúró. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ náà jáde, ẹ fọ ihò rẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹni tó ra ìbọn tó ti pẹ́ nínú àpótí ológun, tí ọ̀rá rẹ̀ dì bí ìda, kó má tíì yìn ín rárá kó tó ṣe èyí.

Gíríìsì díẹ̀ ń lọ sójú ọ̀nà tí bólùtù ń gbà rìn. Inú páìpù gáàsì àti piston kì í gba òróró bí ẹ bá fẹ́ yin ìbọn, torí òróró á jó di èédú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni, ẹ fi ìwọ̀nba pa á, kí ẹ nù ún kúrò ṣáájú kí ẹ tó yìn ín. Mi ò sì ní fi òrí sínú ìbọn yìí láé, bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ó máa ń dì nígbà òtútù.

Ẹ má fi ìbọn pamọ́ sínú àpò onífóòmù. Fóòmù ń mu omi. Inú àpótí irin tó ní ohun tó ń fa ọ̀rinrin ni tèmi wà, tí mo sì fi kọ́kọ́rọ́ tì, torí mo ní ọmọ nílé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún fi àkísà funfun ra inú páìpù gáàsì yẹn. Bí àkísà bá jáde ní pupa, ẹ tún gbé kẹ́tùlù kaná.