Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Ásíìdì Bátìrì

Ásíìdì tó wà nínú bátìrì ọkọ̀ àti ti inverter kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀. Bí wọ́n bá bù ú sínú ife, omi ni ẹnikẹ́ni yóò pè é. Ibẹ̀ gan-an ni ìjàǹbá ti ń wá: à ń ṣe é bí omi. À ń rọ ọ́ sínú ìgò omi, à ń dà á síbi tí à ń da omi sí, à ń fi ọwọ́ lásán gbé e. Ásíìdì súfúríìkì ni, èyí tó sì wà nínú bátìrì tó kún fún iná tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Omi ni ìyókù. Èyí tí wọn kò tíì bomi là rárá lè tó 98%, òun ló ń sọ igi di dúdú bí èédú, tó sì ń bó ẹran ara dé egungun.

Ìgò omi mímu

Ẹ wo abẹ́ bẹ́ǹṣì ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ríwáyà àti àwọn tó ń ṣáájì bátìrì. Ẹ ó rí ìgò omi tí wọ́n ti mu omi inú rẹ̀ tán, tí wọ́n rọ ásíìdì kún, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ta omi sì ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí òùngbẹ ń gbẹ lọ́sàn-án gangan kò ní dúró bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ kékeré tó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kóun bèèrè. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ, èyí ló ń dùn mí jù, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láti yẹra fún un.

Kẹ́ẹ̀gì rọ́bà líle tí ásíìdì bá wá láti ọjà ni kó máa gbé títí yóò fi tán. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà, kí ẹ sì ya agbárí àti egungun méjì sí i fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ilẹ̀ ni kó wà, nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe orí pẹpẹ tí ènìyàn yóò ti máa na ọwọ́ sókè gbé e. Ẹ má sì dà á sínú garawa páànù: ásíìdì tí a ti bomi là ń jẹ páànù àti irin, gáàsì tó ń gbiná ló sì ń tú jáde bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Bí ẹnìkan bá ti gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ohun tó bó ọ̀fun nígbà tó ń lọ yóò tún bó o nígbà tó bá ń bọ̀, ó sì lè yà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kó fi omi fọ ẹnu kó tu ú dànù, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé ásíìdì bátìrì ni, kó má baà máa wádìí nígbà tí àkókò ń lọ.

Dída omi lé ásíìdì lórí

Àwọn kan ń ra ásíìdì tó le, wọ́n á máa bomi là á fúnra wọn. Ásíìdì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó omi lọ́nà méjì. Bí ìwọ̀n omi bá jẹ́ 1, tirẹ̀ jẹ́ 1.84. Nítorí náà, omi tí ẹ bá dà sí i kò ní rì, orí rẹ̀ ni yóò dúró sí. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé yóò gbóná kíákíá débi pé omi náà yóò hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò sì ta ásíìdì sókè sí ojú ẹni tó ń dà á, bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo àkàrà tó ti hó.

Omi ni ẹ óò kọ́kọ́ bù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò máa da ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀, tí ẹ óò máa fi ọ̀pá rọ́bà rò ó, tí ẹ óò sì dúró bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti ń gbóná. Ní tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́bàá títì rárá. Ásíìdì tí wọ́n ti là fún bátìrì wà lọ́jà, òun ni kí ẹ rà.

Fífi ásíìdì kún bátìrì tí kò lágbára mọ́

"Ásíìdì rẹ̀ ti rọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ásíìdì sí i." Gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Òótọ́ ni pé ásíìdì inú bátìrì tí iná ti tán nínú rẹ̀ máa ń rọ̀. Bí ẹ bá fi háídrómítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ásíìdì ṣe wúwo sí omi, fà á wò, bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bí 1.265 sí 1.280, èyí tí iná rẹ̀ ti tán lè já wálẹ̀ dé bí 1.120. Ṣùgbọ́n ásíìdì náà kò sá lọ síbì kan. Bí a ṣe ń lo iná, ara àwọn páànù òjé inú bátìrì ló ń wọ̀ lọ. Bí a bá ṣáájì bátìrì náà dáadáa, yóò jáde padà sínú omi. Ẹni tó bá wá bu ásíìdì tuntun sí i kí ó tó ṣáájì ti sọ ọ́ di méjì. Lọ́jọ́ tí ti àtijọ́ bá jáde, omi inú rẹ̀ yóò le ju bó ṣe yẹ lọ, yóò máa jẹ àwọn páànù náà, èyí tó bá sì ta síta yóò lágbára ju èyí tí ẹ retí.

Ohun tó ń dínkù nínú bátìrì ni omi, òun náà sì ni kí ẹ dá padà. Omi bátìrì (distilled water) tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ ni mo ń wí, kì í ṣe omi kànga tàbí pure water. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bátìrì ń gba ásíìdì, ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rọ ọ́ sínú èyí tó gbẹ wá láti ilé-iṣẹ́. Ohun mìíràn tí àwọn onílé tó ní inverter kì í kíyè sí ni pé ẹ̀yìn ìgbà tí bátìrì bá ti kún fún iná ló yẹ kí ẹ bu omi sí i, àfi bí àwọn páànù inú rẹ̀ bá ti yọ sókè. Bátìrì tí iná ń wọ̀ máa ń wú omi rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá ti bu omi dé ẹnu tẹ́lẹ̀, ásíìdì ni yóò ṣàn jáde sórí rẹ̀.

Bátìrì nínú yàrá

Láti ìgbà tí iná ìjọba ti ń ṣe ségesège, bátìrì inverter ti di ẹrù inú ilé. Mo ti rí i lábẹ́ ibùsùn, mo ti rí i nínú wọ́dúróòbù tí wọ́n pa dé. Nígbà tí bátìrì bá ń kún lọ, omi inú rẹ̀ á máa hó. Kì í ṣe ooru ló ń hó o: iná ló ń ya omi sí gáàsì méjì, háídrójìn àti ọ́síjìn. Háídrójìn fúyẹ́, òkè àjà ló ń lọ kóra jọ sí, bó bá sì ti tó 4% nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, pàrà kékeré kan láti ara súwíìṣì lè mú kó gbiná. Bátìrì yóò bú, ìdérí rẹ̀ yóò fò, ásíìdì inú rẹ̀ yóò sì bá ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ má ṣáná wo inú bátìrì, tọ́ọ̀ṣì fóònù ti tó. Ẹ má mu sìgá níbẹ̀. Ẹ pa ṣájà kí ẹ tó já wáyà rẹ̀ kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ fi bátìrì ọkọ̀ kan jí ọkọ̀ mìíràn, wáyà dúdú tó gbẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kan orí bátìrì tó kú. Ara irin ẹ́ńjìnnì tó jìnnà sí i ni kí ẹ fi há. Yàrá tí bátìrì bá wà gbọ́dọ̀ ní ihò afẹ́fẹ́ lókè, nítòsí àjà. Bí ẹ bá sì gbóòórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ láti ara bátìrì tí iná ń wọ̀, ṣájà ti ń fún un ní àjùlọ. Ẹ pa iná náà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde. Ẹ má rò pé ó ti tán nítorí pé ẹ ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́: gáàsì náà ń pa imú kú kí ó tó pa ènìyàn.

Ojú àti ara

Ẹ̀kán kan lè ta sí ṣòkòtò yín tí ẹ ò ní rí nǹkan kan. Omi inú rẹ̀ ni yóò gbẹ, ásíìdì fúnra rẹ̀ kì í gbẹ, ṣe ni yóò máa le sí i nínú òwú aṣọ. Bí wọ́n bá fi máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ihò wẹ́wẹ́ á ti lu itan ṣòkòtò náà. Ohun kan náà ló ń ṣe sí awọ ara tí ẹ bá fi sílẹ̀.

Bó bá kan yín, ẹ má wá ẹyin, ẹ má wá mílíìkì, ẹ má wá pasítì ìfọyín. Omi ni, lójú ẹsẹ̀, kó sì máa ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí nígbà tí omi ń ṣàn lọ́wọ́. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé ogún ìṣẹ́jú gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi ife omi méjì ṣan án, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó.

Bí ó bá jẹ́ ojú, ẹ fi ìka la ìpéǹpéjú méjèèjì, kódà bí onítọ̀hún bá ń ké, kí ẹ sì da omi láti ìhà imú lọ sí ìhà etí kó má baà wọ ojú kejì. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní omi ẹ̀rọ lè fi odidi báàgì pure water kan sílẹ̀ fún èyí nìkan. Ogún ọ̀rá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, lítà mẹ́wàá nìyẹn: ẹ já etí ọ̀rá kan, ẹ rọra fún un, ẹ mú òmíràn. Lẹ́yìn náà, ọsibítù ló kàn, bí ojú náà kò bá tilẹ̀ ro ó mọ́. Gíláàsì tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò wọ́n tó owó ojú kan.

Fún ásíìdì tó dà sílẹ̀, káún gígún tàbí eérú igi dára: yóò hó ṣùù, bó bá ti dákẹ́, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò ó fún o, ẹ má fi ra ara, nítorí ooru tó ń mú wá lè fi kún ìjóná. Ásíìdì bátìrì kì í sì í ṣe ohun ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bó bá pàdé bílíìṣì níbẹ̀, gáàsì klórínì ló ń bí, irú èyí tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun ní Ypres, ní Belgium, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní lọ́dún 1915.

Fífọ́ bátìrì tó ti kú

Àwọn tó ń ra òjé máa ń fẹ́ kí wọ́n ti da omi inú bátìrì nù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Gọ́tà ni wọ́n sì ń dà á sí. Ásíìdì yẹn kì í dá lọ. Òjé tó ti bọ́ sínú rẹ̀ ń bá a lọ sínú ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fọ́ bátìrì yọ òjé, ọmọdé méjìdínlógún ló kú láàárín Oṣù Kọkànlá 2007 sí Oṣù Kẹta 2008. Òjé inú erùpẹ̀ ló pa wọ́n.

Ẹ ta bátìrì tó ti kú ní odidi, pẹ̀lú omi inú rẹ̀ àti gbogbo ìdérí rẹ̀. Ẹ gbé e dúró gbọnin nínú abọ́ rọ́bà tó jin, kí ẹ fi rọ́bà bo orí irin rẹ̀ méjèèjì, kí ó sì wà nínú búùtù. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ da omi rẹ̀ nù kó tó rà á, ẹ wá oníbàárà mìíràn.