Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Jókòó Síbi Seisiún Àtibi Kéélì Ní Ireland Kẹ́ Ẹ Má Bàa Tẹ́

Ogún Yúrò ni mo fi tẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ pọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe seisiún, ìyẹn ìjókòó orin ìbílẹ̀ Ireland, ní Drogheda. Bàbá kan ń fọn fèrè, fèrè yẹn dùn dé egungun, orí mi wú, ni mo bá dìde bíi pé òde ìnáwó ni mo wà ní Mushin, mo yọ ogún Yúrò, mo lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí. Owó ò dúró. Ó já bọ́, inú kọ́ọ̀pù bíà bàbá ló sì balẹ̀ sí. Àwọn tó kù ò dáwọ́ dúró o, bàbá gan-an ò ṣẹ́jú, ó fọn orin yẹn dé òpin, ó wá fi ìka méjì fa owó náà yọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó dá a padà fún mi, ó ní tó bá wù mí kí n kúkú ra bíà míì fún òun torí èyí ti di omi owó. Tùwẹ́ńtì ló ń pè mí títí dòní.

Nǹkan tí ò yé mi lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ yé ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Balbriggan, Blanchardstown, Galway, Cork, tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ orin yìí látojú títì tẹ́ ẹ á kàn kọjá lọ. Seisiún kì í ṣe òde, kì í sì í ṣe ṣò. Kò sí sítéèjì, kò sí máíkì, ẹlòmíì ẹ̀yìn ló máa kọ sí yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n á yí tábìlì ká, kálukú pẹ̀lú nǹkan orin tiẹ̀, wọ́n á máa ṣeré fún ara wọn. Ẹ fi wé àwọn àgbààgbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi: wọn ò torí yín ta á, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má dúró wò ó, tójú bá sì ti mọ yín níbẹ̀, ọjọ́ kan wọ́n á ní ṣé ẹ̀yin náà ò ní ta ni. Ẹni tó bá lọ ń retí pé kí onífèrè wá máa ki òun ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá bí onígángan, á pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Tó bá wá dùn mọ́ yín débi pé ẹ gbọ́dọ̀ ná nǹkan, ẹ lọ bá ẹni tó ń ta ọtí, ẹ ní kó gbé ohun tí àwọn tó wà nídìí tábìlì yẹn ń mu fún wọn, ẹ sanwó, ẹ padà lọ jókòó. Ìyẹn ni ìnáwó tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò sì mutí, ẹ má jẹ́ kí orúkọ pọ́ọ̀bù dẹ́rù bà yín jàre, tíì lèmi máa ń béèrè, wọ́n á gbé e wá pẹ̀lú bísíkíìtì kékeré kan, kò sẹ́ni tó máa wojú yín.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i ńkọ́? Ní Dublin, ẹ lọ sí pọ́ọ̀bù Cobblestone ní Smithfield. Lọ́dún 2021 tí wọ́n fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sórí ibẹ̀, àwọn èèyàn gbé orin dé ojú títì, káńsù ìlú náà sì kọ̀, wọn ò fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ County Clare lẹ wà, ẹ ò tiẹ̀ nílò èmi, Willie Clancy tó ń fọn páìpù kú lọ́dún 1973, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè ní Miltown Malbay, tó bá ti di oṣù keje, kọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá yà sí, gòjé ni. Tó bá jẹ́ ìlú kékeré, ẹ wo bọ́ọ̀dù tó wà ní láíbìrì, ẹ bi tíṣà ọmọ yín. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni wọ́n máa kọ síbẹ̀ pé àwọn á bẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá lè lù kí wọ́n ṣì máa fa okùn gòjé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé àwa nìkan la ni African time. Ẹ má kó ọmọ lọ lálẹ́ o, òfin ni: ọmọ tí ò tí ì pé 18 ò gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fi wákàtí kan kún un.

Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tẹ́ ẹ rí àga tó ṣófo nídìí tábìlì àwọn olórin, ẹ má jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan ló ni ín, kódà kó má tí ì dé. Tábìlì kejì ni tiyín.

Ẹ máa rí gòjé òyìnbó, fèrè onípáànù, fèrè onígi, báńjò, àti àkọ́díọ̀nù oníbọ́tìnnì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ I.K. Dairo tó gbé àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, etí yín ò ní ṣàjèjì síyẹn. Èyí tó máa yà yín lẹ́nu ni uilleann pipes (ẹ pè é ní ìlìn), ẹni tó ń fọn ọ́n ò ní fi ẹnu kàn án rárá, ẹwìrì ló há sábẹ́ apá ọ̀tún, àpò sì wà lábẹ́ apá òsì, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń fẹ́ ẹ bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń finná. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé ní láti tọ́jú lọ́dún 2017.

Báyìí, orin fúnra ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ á kọ́kọ́ jọ ara wọn létí yín, ẹ á ní ṣebí orin kan náà ni wọ́n ń lù láti ìrọ̀lẹ́. Nǹkan tó là mí lójú rèé. Ẹ máa pe àkàrà lọ́kàn yín, àkàrà-àkàrà, àkàrà-àkàrà. Tí orin yẹn bá bá a lọ ní méjì méjì, jíìgì ni. Tó bá jẹ́ àkàrà mẹ́ta mẹ́ta kó tó yípo, slip jig nìyẹn. Tí àkàrà ò bá wọlé rárá, ẹ gbìyànjú wàràwàrà, wàràwàrà, tó bá wọlé, ríìlì ni, òun ló sì pọ̀ jù. Wàràwàrà kan náà tó ń tiro díẹ̀, tó rọra ń lọ, họ́ọ̀npáìpù ni wọ́n ń pè é.

Orin kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní apá méjì, wọ́n á lu apá kìíní lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á lu apá kejì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún gbogbo ẹ̀ ṣe bí ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á wá fò sórí orin míì láìdúró rárá, ẹnì kan lè kàn gbé ojú sókè tàbí kó ní "họ́p". Torí náà tẹ́ ẹ bá pàtẹ́wọ́ nígbà tí orin kìíní yí padà, àárín gbólóhùn lẹ pàtẹ́wọ́ sí. Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá gbé nǹkan orin sílẹ̀.

Pàtẹ́wọ́ tún ní ìjàngbọ̀n míì fáwa. Jíìgì yẹn, ara wa mọ̀ ọ́n, torí bí bàtá ṣe ń pín mẹ́ta mẹ́ta náà ló ṣe rí, ọwọ́ á fẹ́ máa lu kóńkóló lé e lórí, ó sì máa dùn létí tiwa gan-an, àmọ́ ẹni tó ń lu gòjé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á ṣe bíi pé eṣinṣin wọ òun létí. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tó.

Lójijì ẹ lè gbọ́ tẹ́nì kan ní "ciúnas", ìyẹn ni pé ẹ dákẹ́, ẹnì kan fẹ́ dá orin kọ láìsí ìlù. Sean-nós ni wọ́n ń pè é. Ojú ẹni yẹn lè wà ní pípadé, ẹlòmíì á di ọwọ́ ẹ̀ mú tí yóò rọra máa yí i bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ọlọ. Ẹ gbé fóònù kúrò, ẹ má pe ọtí lásìkò yẹn, ẹ má tiẹ̀ sún àga. Èmi tí mo máa ń sọ pé òyìnbó ò mọ bí wọ́n ṣe ń dárò, mo gbọ́ obìnrin kan tó kọ ọ́ lédè wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin tọ́wọ́ ń yún, mo mọ̀ pé ìlù lẹ ń wò. Bodhrán lorúkọ ẹ̀ (báú-rọ́ọ̀n), awọ ewúrẹ́ lójú, ó sì ṣí lẹ́yìn, ẹ ní sákárà tó fẹ̀. Igi kékeré olórí méjì ni wọ́n fi ń lù ú, ọwọ́ kejì á wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn awọ, bẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lohùn á ṣe máa lọ sókè sódò, bíi pé ẹ ń fún ọṣán gángan. Ẹni tó bá ti mọ gángan, ọwọ́ ẹ̀ á tètè mọ́ ọn. Ibi tí wàhálà wà ni pé bodhrán kan ṣoṣo ló dáa nínú seisiún, àwọn olórin gan-an máa ń ṣe àwàdà pé ọ̀bẹ ló dáa jù tí wọ́n fi ń lù ú. Tẹ́nì kan bá ti ń lu tiẹ̀, tiyín ò jáde nínú báàgì. Tí kò bá sẹ́nì kankan, ẹ béèrè: "Ṣé ẹ ò ní bínú tí mo bá bá yín lù díẹ̀?" Kẹ́ ẹ sì lù ú kó rọlẹ̀, ìlù yẹn ò sọ̀rọ̀, kì í pàṣẹ, ẹ̀yìn gòjé ló ń tẹ̀ lé. Èyí ló le jù fún mi o, torí níbi tá a ti wá, ìyáàlù ló ń darí. Gángan ńkọ́? Ẹ má gbé e lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó gbà mí ní oṣù méje kí Bàbá Ogún Yúrò tó fẹnu ara ẹ̀ ní kí n gbé e wá.

Ẹni tí ijó bá wù ju ìjókòó lọ, kéélì, òde ijó ìbílẹ̀ wọn, ló yẹ kó wá (céilí ni wọ́n ń kọ ọ́). Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti iléèwé ló sábà máa ń jẹ́, owó ìwọlé táṣẹ́rẹ́, tíì àti sáńwíìṣì ní ìdajì eré. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: kì í ṣe Ireland ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú kéélì tá a mọ̀ yìí, London ni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Conradh na Gaeilge (ẹgbẹ́ tó ń gbé èdè Irish lárugẹ) tó wà nídàálẹ̀ ló ṣe é ní Bloomsbury lọ́dún 1897. Àárò ilé! Nílé gan-an, ọdún 1935 ìjọba ṣòfin pé kò sóde ijó láìgba láísẹ́nsì, àwọn àlùfáà àti ọlọ́pàá wá ń lé àwọn tó ń jó nínú ilé àti ní oríta kiri.

Ijó tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé ni Walls of Limerick, kò le. Ẹ̀yin méjì á kọjú sí àwọn méjì, obìnrin lọ́wọ́ ọ̀tún ọkùnrin. Ẹ di ọwọ́ mú, ẹ lọ síwájú, ọ̀kan-méjì-mẹ́ta, ẹ padà sẹ́yìn, ọ̀kan-méjì-mẹ́ta, ẹ tún un ṣe. Àwọn obìnrin á fẹ̀gbẹ́ rìn gba ipò ara wọn, kíkà méje, àwọn ọkùnrin á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá di ọwọ́ ẹni tó kọjú sí yín mú, ẹ fẹ̀gbẹ́ rìn lọ, ẹ rìn bọ̀. Kẹ́ ẹ wá gbá ẹnìkejì yín mú, ẹ yí po, ẹ kọjú sí ìta, àwọn méjì míì á ti dúró dè yín níbẹ̀. Ẹni tó ń pe ijó á máa pariwo gbogbo ẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ṣì í, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ, wọ́n á tì yín síbi tó yẹ. Ìdí àti èjìká tiwa ni kò níṣẹ́ níbẹ̀. Ijó tiwa ń wá ilẹ̀, tiwọn ń fò kúrò nílẹ̀, ẹ fi orí ìka ẹsẹ̀ dúró, bàtà tó fúyẹ́ tí ò ní bọ́, ẹ fi gèlè sílé torí ìgbà tẹ́ ẹ bá yí po lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ẹ ò ní mọ ẹni tó wé e sórí.

Àwọn ọmọ wa rọrùn, ọ̀pọ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń kọ́ wọn ní fèrè onípáànù. Ẹ ra èyí tí ohùn ẹ̀ jẹ́ D, ihò mẹ́fà, bíi 15 Yúrò ti tó, kẹ́ ẹ sì fara da ariwo oṣù mẹ́ta. Ẹgbẹ́ Comhaltas tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1951 ní ẹ̀ka káàkiri, wọ́n máa ń kọ́ ọmọdé lórin, àwọn náà ló ń ṣe Fleadh Cheoil, àjọ̀dún orin ìbílẹ̀, tó wá sí Drogheda lọ́dún 2018 àti 2019, ọ̀sẹ̀ yẹn kò sí kọ̀rọ̀ tí ọmọdé ò ti ń lu gòjé. Tó bá jẹ́ ijó ìdíje lọmọ fẹ́, ẹ fara balẹ̀ lórí owó. Bàtà rírọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, ẹ dúró dìgbà tí tíṣà bá ní ó yá kẹ́ ẹ tó ra onílíle. Aṣọ ìdíje tuntun lè ju ẹgbẹ̀rún Yúrò lọ, tòkúnbọ̀ wà, ẹ wá a. Wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ ra wíìgì onírun kíká, èmi ò rà o, mo ní irun ọmọ mi ti ká látọ̀run wá, tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni.

Tí kéélì bá ti parí, ẹ má tí ì máa wá kóòtù kiri. Wọ́n á lu orin orílẹ̀-èdè wọn, gbogbo èèyàn á dìde dúró, á pa rọ́rọ́. Tíyẹn bá tán, ẹ wá bá wọn kó àga jọ.