Bí ẹ ó ṣe sọ ẹgbẹ́ họ́kì yín lórúkọ ní Àbújá

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ họ́kì orí kọnkéré sílẹ̀ ní Kubwa tàbí Nyanya, ẹ má wulẹ̀ gbé orúkọ Maple Leafs (Ewé Maple), ẹgbẹ́ Toronto ní Kánádà, wọ̀. Igi maple dà níbí?

Ẹ kọ́kọ́ wo bí àwọn ará Kánádà tó ni eré ṣe ń ṣe é. Montreal ni wọ́n ti gbá họ́kì orí yìnyín olófin àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1875, ènìyàn mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Ibẹ̀ náà ni wọ́n dá NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, sílẹ̀ lọ́dún 1917. Epo rọ̀bì ni wọ́n mọ Edmonton sí, ni ẹgbẹ́ wọn bá ń jẹ́ Oilers, ìyẹn àwọn elépo. Torí àwọn tó ń sọ Faransé ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ Canadiens ti Montreal sílẹ̀ lọ́dún 1909. (H inú àmì wọn, họ́kì ni, kì í ṣe Habs tí àwọn alátìlẹ́yìn ń pè wọ́n.) Ewé maple tí Conn Smythe, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, fi sọ ẹgbẹ́ Toronto lọ́dún 1927, àmì tó wà lára aṣọ ọmọ ogun Kánádà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni.

Calgary Flames (Ọwọ́ Iná) nìkan ló rí bákan. Iná tó jó Atlanta ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1864 ni orúkọ yẹn ń sọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ kó lọ sí Calgary lọ́dún 1980, ó gbé orúkọ dání. Àfi bí ẹni tí wọn kò bí lọ́dún tó ń jẹ́ Abíọ́dún.

Ó wá kan tiyín. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí wọ́n mọ àdúgbò yín mọ́ sílẹ̀. Ará Jos ní kùsà, ará Kano ní ẹ̀pà. Ìpínlẹ̀ Niger ni àpáta Zuma wà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ará Suleja. Kí ará Asokoro mú àpáta Aso.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan dúró ní ìpẹ̀kun pápá basketball, mítà 28 sí ìkejì, kó pariwo orúkọ náà. Bó bá ju sílébù mẹ́ta lọ, ẹ gé e. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Hausa inú ẹgbẹ́ náà pè é: «gb» kò sí lédè wọn, yóò sì há sí i lẹ́nu.

Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ara jẹ́sì. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé kò ní àmì ohùn, nítorí náà ẹ kọ orúkọ láìní àmì kí ẹ tó sanwó. Ọ̀bẹ dára fún ẹgbẹ́ tó mú, ṣùgbọ́n OBE lẹ́yìn aṣọ, ọbẹ̀ ni gbogbo Wuse máa kà á sí.