Bí A Ṣe Ń Gbin Yúnyun Sí Iwájú Ilé

Bí ọyẹ́ bá ti dé Ìbàdàn, òdòdó tí a fowó gidi rà létí títì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, omi kànga tí kò tó ilé lò ni a ó sì tún máa bù sí i. Ó ń dùn mí, nítorí yúnyun wà lẹ́yìn ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ onílẹ̀ ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tilẹ̀ jẹ ewé rẹ̀ tán, gbòǹgbò rẹ̀ tó le bí igi á tún hù nígbà tí òjò bá padà.

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀. Aspilia africana ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó ní àwọ̀ ìyeyè; ewé rẹ̀ ń dojú kọ ara wọn ní méjì-méjì, ó sì ń ha ọwọ́. Ẹ má ṣì í mú fún èyí tó ga ju ènìyàn lọ létí ọ̀nà, tí ewé rẹ̀ là bí ìka ọwọ́. Mẹ́síkò ni ìyẹn ti wá. Nígbà tí àdá ṣá mi lẹ́sẹ̀ lóko, ewé yúnyun ni ìyá àgbà rún sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. (Ọgbẹ́ tó bá jìn, ilé ìwòsàn ni o.)

Láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹfà ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 20, tó ní oríkèé mẹ́rin. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ ri oríkèé méjì sínú ilẹ̀, kí ó dagun díẹ̀. Ẹ fi nǹkan bí ìdajì mítà sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ wa kò bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ò dára fún un: òòrùn ló fẹ́. Imọ̀ ọ̀pẹ ni kí ẹ fi ṣíji bò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ máa bomi rin ín ní ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀.

Ẹ ṣe ọgbà yí i ká, torí ewúrẹ́ àdúgbò. Ẹni tó ń sin ehoro lè máa gé lára rẹ̀ fún wọn, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó máa ń hù káàkiri, nítorí náà ẹ gé òdòdó tó ti gbẹ kí èso tó bọ́ sílẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kejì, ẹ gé gbogbo rẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà 15. Á dà bíi pé ẹ ti pa á. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ wo ìdí rẹ̀: ọ̀mùnú tuntun á ti yọ.