Ẹ Má Lo Òògùn Òkúta Ẹlòmíràn: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Agboolé

Àṣìṣe kan ṣoṣo tí a ń bá pàdé léraléra ló mú wa kọ ìwé yìí. Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín há sí lọ́nà ìtọ̀ a lọ gba ìyókù òògùn lọ́wọ́ ará ilé tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, a sì gbé e mì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ibi tí òkúta tirẹ̀ wà. Òkúta lè jọ òkúta, ṣùgbọ́n ibi tí ó há sí ni òògùn ń wò.

Ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú kíndìnrín lọ sínú àpò ìtọ̀ ni àwọn oníṣègùn ń pè ní yúrétà. Méjì ni, ọ̀kan fún kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 lára àgbàlagbà. Ìtọ̀ kì í kàn ṣàn wálẹ̀ nínú rẹ̀ bí omi ọ̀sọ́rọ̀. Ẹran ara ọ̀nà náà ló ń fún un sísàlẹ̀, bí ọ̀fun ṣe ń gbé òkèlè mì. Láti òkè, nítòsí kíndìnrín, ni ìfúnpọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa rìn bọ̀ nísàlẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí òkúta bá dí i, ọ̀nà náà a túbọ̀ fún mọ́ ọn, ìtọ̀ a sì kún sẹ́yìn rẹ̀. Ìrora rẹ̀ a máa dé, a máa lọ, ẹni tí ó ń ṣe kò sì ní lè jókòó sójú kan.

Ìdá kan nínú mẹ́ta yúrétà tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó sún mọ́ àpò ìtọ̀, ni àwọn ibi tí tamsulosin, òògùn òkúta tí à ń sọ yìí, ń dì mú pọ̀ sí jù. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ yìí ni òògùn náà ń dẹ̀, òkúta tí ó sì ń ṣèrànwọ́ fún jù ni èyí tí ó há síbẹ̀, tí ìbú rẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ tí kò sì ju 10 lọ. Èyí tí kò tó 5 sábà máa ń jáde fúnra rẹ̀. Èyí tí ó ju 10 lọ kì í sábà jáde láìjẹ́ pé oníṣègùn yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ òkè ni òkúta há sí, ẹ má retí ohun púpọ̀ lọ́wọ́ tamsulosin.

Mìlígíráàmù 0.4 ni ìwọ̀n tí oníṣègùn sábà máa ń kọ, hóró kan lójúmọ́, ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́. Ẹ gbé e mì lódidi. Ẹ má tú u, ẹ má lọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ láìpadà lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá dìde. Ọkùnrin kan tí a mọ̀ lo ti àbúrò rẹ̀ lálẹ́. Bí ó ti fò dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì fi iwájú orí lu férémù ilẹ̀kùn. Ó ní òògùn ló ń bá àìsàn jà. Òkúta tirẹ̀ wà lókè pátápátá, lẹ́nu kíndìnrín.

Ní ti ìrora, diclofenac tàbí ibuprofen ló dára jù, níbikíbi tí òkúta ìbáà wà. Diclofenac kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 150 lọ lójúmọ́, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú àti aboyún kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì láìjẹ́ pé oníṣègùn fọwọ́ sí i. Hyoscine tí àwọn kan ń lò nígbà tí inú bá ń lọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí yúrétà; ó ti tó kí a yé fi owó ṣòfò lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń da omi sọ́fun ní garawa garawa nígbà tí ìrora ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n lérò pé omi yóò ti òkúta jáde. Ìrora ló lè fi kún. Lẹ́yìn tí ara bá ti balẹ̀ ni kí ẹ máa mu omi, kí ìtọ̀ yín lè tó lítà 2 sí 2.5 lójúmọ́, ẹni tí ó ń làágùn lóko yóò mu ju ẹni tí ó jókòó sílé lọ kí ó tó lè tọ iye yẹn.

Bí ibà tàbí òtútù bá bá ìrora náà wá, bí ìtọ̀ bá dáwọ́ dúró, tàbí bí ó bá jẹ́ kíndìnrín kan ṣoṣo ni ènìyàn ní, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe lóru. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹ máa fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ há sẹ́ gbogbo ìtọ̀ tí ẹ bá tọ̀, kí ẹ sì kó ohunkóhun tí ó bá kù sójú asẹ́ lọ bá oníṣègùn. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, tí ìrora sì ti lọ, ẹ ṣì padà lọ ya àwòrán inú ikùn kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, nítorí ìrora lè dákẹ́ kí òkúta má tíì kúrò níbi tí ó wà.