Ẹ Ṣètò Kí Ìdánwò Tó Dé: Bí A Ṣe Lè Jáwọ́ Nínú Àṣà Tó Ti Mọ́ra

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ohun tí ó yẹ kí àwọn jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga mọ̀ pé kò yẹ kí òun máa mu mínírà mọ́. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í tó ọ̀sẹ̀ méjì ná mọ̀ pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń gbé e lọ. Ẹni tí ó ń tẹ fóònù di aago méjì òru kò nílò ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé oorun òun kò tó. Síbẹ̀, wọ́n á pinnu, wọ́n á tún búra, bóyá ní òru àìsùn ọdún tuntun, oṣù kan kò sì ní í pé tí wọn yóò fi padà sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn ará ilé á ní kò ní ìfaradà, àwọn mìíràn á ní kò gbàdúrà tó, òun alára á sì gbà pé ọ̀lẹ ni òun.

Èrò tí ó wà nídìí ìtọ́sọ́nà yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìkóra-ẹni-níjàánu wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bí a ṣe rò, kò sì sí ẹni tí ó lè gbára lé e lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí padà gbọ́dọ̀ ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ tán kí ìdánwò tó yọjú.

Àwọn tí a ń pè ní alágbára

Ní ọdún 2012, Wilhelm Hofmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Würzburg ní Jámánì. Àgbàlagbà 205 ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ kékeré kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbàkígbà tí ẹ̀rọ náà bá dún, oníkálukú á sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí lásìkò náà, bóyá nǹkan ọ̀hún tako ohun mìíràn tí ó ń lépa, àti bóyá ó gbìyànjú láti kọ̀ ọ́. Ènìyàn á rò pé àwọn tí ó mọ bí a ti ń kóra ẹni níjàánu ni yóò máa bá ọkàn wọn jìjàkadì jù lọ, tí wọn yóò sì máa borí. Òdìkejì ni wọ́n rí: àwọn gan-an ni ìfẹ́ ọkàn wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tako ohun tí wọ́n ń lépa. Ìjà kì í sábàá dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Àwọn ọmọdé tí Walter Mischel dán wò ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi Yunifásítì Stanford, láti ìparí àwọn ọdún 1960 wọ àwọn ọdún 1970, ti fi irú nǹkan yìí hàn ṣáájú. Wọ́n á ṣèlérí ohun dídùn kan fún ọmọ, wọ́n á ní bí ó bá lè dúró títí àgbà yóò fi padà wọlé, yóò gba èyí tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí aráyé gbé kiri nípa ìwádìí náà ni pé ọmọ tí ó bá lè dúró ni yóò ṣe dáadáa lọ́la. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2018 pẹ̀lú ọmọ tí ó pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, tí wọ́n sì ro irú ilé tí oníkálukú ti jáde mọ́ ọn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àsọtẹ́lẹ̀ náà pòórá. Èyí tí ó yẹ kí a gbé kiri ni ìṣe àwọn ọmọ náà. Bí wọ́n bá bo ohun jíjẹ náà, ọmọ á dúró pẹ́. Bí ó bá wà ní gbangba, kíá ni sùúrù á tán. Àwọn tí ó sì dúró tì í ní gbangba, ṣe ni wọ́n ń fọwọ́ bojú, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń kọ̀yìn sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rin ti mọ̀ pé wíwò ni yóò kó bá òun.

Ẹ lè ti gbọ́ pé agbára ìkóra-ẹni-níjàánu máa ń tán bí a bá ti lò ó láàárọ̀, tí kò fi ní sí i mọ́ lálẹ́. Ìwádìí Roy Baumeister ti 1998 ni èrò yìí ti gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibùdó ìwádìí 23 dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú ènìyàn tí ó lé ní 2,000, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2016, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan. Ẹ má ṣe gbé ètò yín kà á lórí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ wákàtí rẹ̀

Bí ohun mẹ́ta bá wà tí ẹ fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀, ẹ mú ẹyọ kan. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má tilẹ̀ gbìyànjú láti fi í sílẹ̀. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ìgbàkígbà tí ó bá wáyé sínú rẹ̀: aago mélòó ni ó lù, ibo ni ẹ wà, ta ni ó wà lọ́dọ̀ yín, kí ni ó ṣẹlẹ̀ kété ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó rò pé gbogbo ìgbà ni mínírà ń wu òun lè wá rí i pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí fìríìjì rẹ̀ kọjú sí títì, lẹ́yìn wákàtí méjì nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, nígbà tí ṣéńjì tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ fún un ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, owó sì wà lọ́wọ́. Bí omi tútù bá ti wà nínú báàgì rẹ̀ kí ó tó sọ̀kalẹ̀ nínú danfo, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú. Onítẹ́tẹ́ pẹ̀lú lè rí i pé ọjọ́ tí owó oṣù bá wọ báńkì ni ọwọ́ òun kì í gbé jẹ́ẹ́.

Ẹ mú un jìnnà

Ní 1971, ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun wọn ní Vietnam ti ń lo heroin, ẹ̀rù sì bà wọ́n nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àwọn wọ̀nyí bá délé. Lee Robins àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tọ àwọn tí ó padà dé lọ, wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọ́n sì yẹ ìtọ̀ wọn wò. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ó ní oògùn náà ti di bárakú fún òun lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, nínú àwọn tí ó ti di bárakú fún yìí, nǹkan bí márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó tún kó sí i láàárín ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n délé. Wọn kò di akíkanjú nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ibi tí oògùn ti pọ̀ tí ó sì pọ́ọ́kú, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lò ó, ìbẹ̀rù ikú ojoojúmọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sẹ́yìn òkun. Ẹni tí ilé ìwòsàn tọ́jú tán tí ó tún padà sí àdúgbò kan náà, sáàárín àwọn ọ̀rẹ́ kan náà, kì í rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò kó kúrò nílùú nítorí mínírà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ọ̀nà jíjìn náà ṣeé ṣe nínú ilé. Ẹ má ṣe gbé kiréètì mínírà pamọ́ nítorí àlejò. Àlejò á mu ẹyọ kan, ẹ̀yin ni ẹ óò mu ìyókù. Ẹ gba òdìkejì títì kọjá. Ẹ máa gba iná sí fóònù ní pálọ̀, kí ẹ sì ra aago tí ń dún láàárọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé nítorí àtijí ni fóònù ṣe ń bá yín sùn. Onítẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ yọ áàpù náà kúrò, kí ó yọ nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ó jáde nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti ń pín gémù, kí ó sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà pé kí wọ́n ti àkáǹtì òun pa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ètò fún un. Ìdènà tí ó lè dá ènìyàn dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré kì í ṣe nǹkan kékeré, torí ìfẹ́ ọkàn tí kò rí ọ̀nà lọ kíákíá máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ di ara yín lọ́wọ́ ṣáájú

Ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù nìyí, àwọn ìyá wa lọ́jà sì ti ń lò ó kí olùwádìí kankan tó kọ̀wé nípa rẹ̀. Alájọ á wá láràárọ̀, á gba owó, á sàmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, á kó gbogbo rẹ̀ fún olówó, àfi owó ọjọ́ kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò gba ₦29,000. Ẹni tí ó bá fi ojú báńkì wò ó á ní ìwà òmùgọ̀ ni kí ènìyàn máa sanwó lórí owó ara rẹ̀ tí kò lérè. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá aláta fi ₦1,000 náà rà ni pé ọwọ́ òun kò ní lè tó owó yòókù. Ó mọ̀ pé bí owó bá wà ní ìdí ìró òun, ìnáwó àna á dé, aṣọ ẹbí á yọjú, òun kò sì ní lè wojú ẹnikẹ́ni kí òun sọ pé kò sí. Bí ó bá wà lọ́wọ́ alájọ, òótọ́ ni pé kò sí. Nínú èésú, ìtìjú tún kún un: ta ni yóò jẹ́ kí àwọn tí ó ti dá tiwọn fún un máa dúró de tirẹ̀?

Kóló kò le tó bẹ́ẹ̀. Káfíńtà á kan án pa, á dá ojú tóóró sí orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ní kóló rí mọ bí wọ́n ṣe ń dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n á ti ọwọ̀n ìgbálẹ̀ méjì bọ ojú náà, tí wọ́n á máa rọra tọ́ ọ títí etí náírà yóò fi yọ. Bí ẹ óò bá lo kóló, ilé ẹlòmíràn ni kí ẹ gbé e sí.

Ní erékùṣù Mindanao ní Philippines, báńkì kan gbé irú ètò yìí kalẹ̀ fún àwọn tí ń fa sìgá. Wọ́n á fi owó pamọ́ fún oṣù mẹ́fà. Bí àyẹ̀wò ìtọ̀ bá fi hàn pé wọn kò fa sìgá mọ́, wọ́n á gba owó wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ìtọrẹ àánú. Ìwádìí tí ó jáde lórí rẹ̀ ní 2010 fi hàn pé àwọn tí wọ́n fi ètò náà lọ̀ jáwọ́ ju àwọn tí wọn kò fi lọ̀ lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹni 11 nínú 100 péré ni ó gbà láti wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà, nítorí pé ènìyàn kì í fẹ́ kí wọ́n de òun. Nítorí náà, ìgbà tí ọkàn bá balẹ̀, tàbí òwúrọ̀ tí àbámọ̀ ṣì tutù lọ́kàn, ni kí ẹ lọ bá alájọ. Bí báńkì ni ẹ óò lò, kí ó máa yọ owó náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé.

Ẹ sọ ohun tí ẹ óò ṣe, ẹ má sọ èyí tí ẹ kò ní ṣe nìkan

Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé ní 1999 pé ìpinnu tí ó ní àkókò àti ibi nínú máa ń ṣiṣẹ́ ju ìpinnu lásán lọ. "Mi ò ní mu mínírà mọ́" kò tó. "Bí mo bá ti jókòó sí bùkà, omi ni n óò kọ́kọ́ béèrè" ni ó lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ibi tí ó nira jù ni òde àríyá, níbi tí kíkọ nǹkan olóde ti lè dà bí àrífín, tí àǹtí kan á sì máa rọ̀ yín pé ẹyọ kan kò lè pa ènìyàn. Kí ẹ ti ní ọ̀rọ̀ yín lẹ́nu láti ilé: "Ẹ ṣeun gan-an, mà, omi ni kí ẹ bá mi wá." Kí ẹ sì gba omi náà dání, nítorí ọwọ́ òfìfo ni wọ́n máa ń wá nǹkan fún.

Ní ti bí yóò ṣe pẹ́ tó, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé ènìyàn 96 tí wọ́n ń gbìyànjú láti sọ ohun kékeré kan di àṣà, bíi mímu omi pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Ọjọ́ 66 ni ó wà láàárín gbùngbùn, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 18 títí dé 254. Ẹni tí ó bá pa ọjọ́ kan jẹ kò tìtorí ìyẹn padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣubú lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má ṣe dúró de Mọ́ńdè. Oúnjẹ tí ó kàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí ó fa ìṣubú náà kí ẹ lè tún ètò ṣe síbẹ̀.

Ibi tí ètò inú ilé kò tó

Ọtí yàtọ̀. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí kò bá tíì mu láàárọ̀, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì nínú ilé, bí ó ti wù kí ìpinnu rẹ̀ lágbára tó. Gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Dókítà ni yóò bá a dín in kù tàbí kí ó fún un ní oògùn tí yóò gbà á kọjá. Àwọn ènìyàn máa ń sá fún orúkọ Arò ní Abẹ́òkúta tàbí Yábàá ní Èkó nítorí wọ́n rò pé alárùn ọpọlọ nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn méjèèjì ń tọ́jú ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún. Bí ẹ bá mú ẹbí yín lọ, ẹ má ṣe dín iye tí ó ń mu kù lẹ́nu nítorí ìtìjú. Ẹ sọ ọ́ bí ó ṣe rí, kí ẹ sì sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó mu ún kẹ́yìn, nítorí láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni gìrì sábà máa ń wáyé.